Iná Orí Ahọ́n Hàbíbátù

Nígbà tí ẹnu Hàbíbátù kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó o, tíì ló fẹ̀sùn kàn. Ọjọ́bọ̀ kan ni, nínú oṣù kẹta ọdún 2010. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ níwájú ilé tí wọ́n ń gbé ní Ìgàndó, ó ń rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé, ni ṣóńṣó ahọ́n rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó ní bóyá tíì àárọ̀ ló bó òun lẹ́nu. Ó bu omi mu, ó rọlẹ̀. Kò pẹ́, ó tún dé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n gé ata rodo sí méjì tí wọ́n fi ń ra á láhọ́n. Ó gbé dígí, ó yọ ahọ́n síta, ó wò ó títí. Kò sí egbò, kò sí eéwo, kò sí funfun kankan níbẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé tó bá fi máa dọ̀la, á ti lọ.

Kò lọ lọ́la, kò lọ lọ́tunla. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, Hàbíbátù ti mọ ìrìn àìsàn náà bó ṣe mọ ìrìn ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Láàárọ̀, bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ẹnu máa ń tutù, á sì máa rò pé Ọlọ́run ti ṣàánú òun. Tó bá di nǹkan bí aago mọ́kànlá, á bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó ahọ́n. Nígbà tí wọ́n bá fi máa pe ìrun Àsárì, gbogbo ahọ́n, òkè ẹnu àti inú ètè ìsàlẹ̀ á ti gbiná. Ẹnu á gbẹ, ìwọ̀nba itọ́ tó bá kù níbẹ̀ á máa korò bí irin. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń dá iná náà dúró ni oúnjẹ. Bó bá ti ń jẹun, á sinmi. Bó bá ti ṣanwọ́ tán, á padà dé. Èyí gan-an ni kò jẹ́ kó rí àlàyé ṣe fún ẹnikẹ́ni.

"Ẹnu tó ń jó yín náà lẹ fi ń jẹ ẹ̀bà, Àǹtí mi?" Ganiyat, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní Dopemu, ló bi í bẹ́ẹ̀ lórí fóònù.

"Òun náà ni."

"Kó yé mi ṣá."

"Kò yé èmi náà."

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni Hàbíbátù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Àmúsà ọkọ rẹ̀ jẹ́ káfíńtà, ó ní ṣọ́ọ̀bù sí Ìṣẹ̀rí-Olófin. Abdulmuiz, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run dá sí fún wọn, ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ilé fi ń pè wọ́n: Bàbá Muízù, Ìyá Muízù. Kò sí ohun tí àwọn méjèèjì kò dán wò sí ẹnu yìí. Oníkẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ ilé wọn ta oògùn olómi aláwọ̀ ìyeyè fún un, ó ní funfun tó ń mú ọmọ ọwọ́ lẹ́nu ló mú un. Ó tọ́ ọ lá tán, kò gbọ́. Alágbo ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó mu àgbo títí inú rẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Oníṣègùn eyín kan ní Ẹ̀gbẹ́dá yọ eyín inú kan fún un, ó ní eyín náà ló ń dà á láàmú. Eyín lọ, iná dúró. Hàbíbátù wá ra ọṣẹ ìfọyín tó ta lẹ́nu jù nínú èyí tó wà lórí àtẹ, pẹ̀lú omi ìfọnu tó ń gbóná bí ọtí, ó ń fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Bó ṣe ń fọ̀ ọ́ ló ń le sí i, òun náà sì ń fọ̀ ọ́ sí i.

Gbogbo ìyẹn kì bá tíì tán an lókun bí kò bá sí ti ìbúra tó búra.

Ọ̀rọ̀ náà lọ báyìí. Ìdíátù, Ìyá Bàsírátù, ló ń gbé yàrá tó dojú kọ tiwọn. Ọdún méje ni òun àti Hàbíbátù fi jọ ń lo kànga kan, tí wọ́n ń bá ara wọn ká aṣọ lórí okùn bí òjò bá ṣú. Lọ́jọ́ kan, Ìdíátù fi omijé sọ fún un pé nígbà tí Bàsírátù ọmọ òun wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó bímọ kan n'Íbàdàn, ọmọ náà kò sì gbé ju oṣù méjì lọ. Ó ní kò sí ẹni tó mọ̀ nínú ilé yìí àfi Hàbíbátù. Nígbà tó yá, Bàsírátù rí ọkọ, ọmọkùnrin kan tí ilé bàbá rẹ̀ wà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Wọ́n ṣe mọ̀ mí n mọ̀ ọ́, wọ́n dá ọjọ́ yìgì. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn ẹbí ọkọ dé, ojú wọn le. Wọ́n ti gbọ́ nípa ọmọ tó kú, wọ́n ní irọ́ ni wọ́n pa fún àwọn. Bí yìgì ṣe dàrú nìyẹn.

Ta ni Ìdíátù ìbá tún fura sí? Ó sọ ọ́ lójú gbogbo ilé pé Ìyá Muízù ló tú òun fó. Bàbá onílé pe àwọn méjèèjì sí pálọ̀ rẹ̀ nínú oṣù kọkànlá ọdún 2009. Níbẹ̀ ni Hàbíbátù ti gbọ́wọ́ lé Kùránì. Ó ní, "Bó bá jẹ́ èmi ni mo lọ sọ fún àwọn àna yín, kí Ọlọ́run fi ẹnu mi yìí jẹ mí níyà."

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Kò sí ẹni tó wá bá a sọ ọ́ lójúkojú. Bó bá dé ìdí kànga, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Ní ẹgbẹ́ Àsàlátù tí wọ́n ń ṣe lọ́jọọjọ́ Sunday, obìnrin kan rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlùfáà ẹgbẹ́ náà, Alfa Àlàó, kò bá a sọ̀rọ̀ burúkú. Ó fọ hàntú, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì lára wàláà, fún un, ó ní kó máa mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́, kó sì tọrọ àforíjì. Hàbíbátù mu ún. Kò bi Alfa pé àforíjì èwo.

Òun fúnra rẹ̀ mọ èwo. Ìbúra tó búra, òótọ́ ni. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nílé àna Bàsírátù, kò tilẹ̀ mọ ilé wọn. Àmọ́ nígbà Iléyá ọdún kan, nígbà tí òun àti Ganiyat jọ ń ge ẹran, ó ti tú àṣírí náà sọ fún un. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, kò ní ohun méjì lọ́kàn. Nígbà tí ìjà dé, ó bi Ganiyat bóyá ó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ganiyat ní rárá. Ta ni kò mọ̀ pé ẹnu Ganiyat kò ní ilẹ̀kùn? Nítorí náà, bí iná náà bá ti mú ọ̀sán, tí Hàbíbátù bá fi ọwọ́ kan ètè, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi ara rẹ̀: ṣé Ọlọ́run ń gbọ́ ohun tí mo sọ ni, àbí ohun tí mo fi pamọ́?

Kò sọ èyí fún Àmúsà.

Oṣù kẹwàá ni Àmúsà ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tó ní kó dìde, àwọn ń lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ó ti rẹ Hàbíbátù. Ó ní, "Bàbá Muízù, wọ́n á tún ní àwọn kò rí nǹkan kan."

"Kí wọ́n sọ ọ́ kí n fetí ara mi gbọ́."

Dókítà eyín tó dá wọn lóhùn jẹ́ obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, Dókítà Olúsànyà. Ó tan iná sí i lẹ́nu, ó fi aṣọ funfun di ahọ́n mú, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì fi òwú nù ún, ó ní kí wọ́n gbé òwú náà àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Hàbíbátù ti ń retí gbólóhùn tó mọ̀. Àmọ́ ìbéèrè ni dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í bi í.

"Mà, bẹ́ ẹ bá jí láàárọ̀, ṣé ó máa ń jó?"

"Ó máa ń tutù."

"Bẹ́ ẹ bá ń jẹun ńkọ́?"

Hàbíbátù wo ọkọ rẹ̀ kó tó dáhùn. "Ó máa ń dáwọ́ dúró."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ bí ohun tó ti gbọ́ rí. Ó bi í ìgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ dúró. Ó bi í irú oògùn tó ń lò. Hàbíbátù yọ páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ jáde, ó ní láti oṣù kejì ni wọ́n ti fi òun sórí rẹ̀. Ó bi í nípa ọṣẹ ìfọyín. Ó bi í bóyá ó ń sùn dáadáa, bóyá nǹkan kan wà tó ń dà á lọ́kàn rú. Hàbíbátù ní kò sí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni èsì àyẹ̀wò jáde. Súgà kò pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, funfun inú ẹnu kò sí, àmọ́ èròjà irin kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Dókítà Olúsànyà fa àga súnmọ́ wọn.

"Mà, kì í ṣe pé ẹ ń rò ó lọ́kàn. Ó ń jó yín lóòótọ́. Kò sí ohun tó ṣe ẹran ara ahọ́n yín, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí i nínú dígí. Àwọn iṣan tín-ín-tìn-ìn tó ń gbé iṣẹ́ láti ẹnu lọ sí ọpọlọ, àwọn ló ń jíṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán wọn. Iná kò jó, wọ́n á ní iná ń jó."

"Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀?" Àmúsà ló bèèrè.

"A kò tíì mọ gbogbo rẹ̀, Bàbá. Àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró ló ń ṣe jù. Nígbà míì, ohun míì ló fà á: kí ẹ̀jẹ̀ má tó, kí ẹnu máa gbẹ, kí àtọ̀gbẹ wà. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà máa ń fà á, èyí tí Mà ń lò yìí wà lára wọn, àmọ́ ẹ má fúnra yín dá a dúró o. Màá kọ lẹ́tà sí dókítà tó fún yín kó bá yín pààrọ̀ rẹ̀. Ọṣẹ tó ń ta lẹ́nu àti omi ìfọnu yẹn, láti òní, ẹ jù wọ́n sílẹ̀. Ìrònú kì í dá a sílẹ̀ látòkè délẹ̀, àmọ́ ó máa ń fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ iná."

"Ṣé ó máa lọ?"

"Ó lè lọ. Ó sì lè dín kù kó má lọ tán. N kò ní purọ́ fún yín."

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wọn padà sílé, Àmúsà ń sọ̀rọ̀ ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Inú rẹ̀ dùn pé nǹkan náà ní àlàyé. Hàbíbátù ń fi etí kan gbọ́ ọ. Ohun tó ń rò ni pé dókítà kò mọ̀ nípa ìbúra orí Kùránì. Bí dókítà bá mọ̀ ńkọ́?

Ó ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ó ń lo oògùn irin tó sọ ìgbẹ́ rẹ̀ di dúdú. Wọ́n pààrọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ń fi ọṣẹ ìfọyín àwọn ọmọdé fọ eyín, ó ń gbé ike omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó ń tọ́ ọ lá díẹ̀díẹ̀. Ó jáwọ́ nínú fífi ètè di abẹ́rẹ́ mú. Nínú oṣù kejìlá, dókítà fi oògùn wẹ́wẹ́ kan kún un, ó ní kó jẹ́ kó yọ́ lórí ahọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó sì tu ú dànù. Nígbà tí ọdún yí, iná náà ti wálẹ̀ dé ìdajì. Ọ̀sán kan á lọ tí kò ní rántí ẹnu rẹ̀, ọ̀sán kejì á sì fi gbogbo ara gbà á. Ìdajì tó kù ni kò jẹ́ kó sinmi. Ó ní ìdajì tó lọ, ti dókítà ni. Ìdajì tó kù, ti Ọlọ́run ni.

Ọjọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù kejì ọdún 2011, ọjọ́ ìmọ́tótó, kò sí ọkọ̀ tó ń lọ, kò sí ẹni tó lè jáde títí di aago mẹ́wàá. Àwọn tó gbálẹ̀ ti gbálẹ̀ tán, ilé dákẹ́. Ìdíátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú abọ́. Hàbíbátù gbé àpótí tirẹ̀, ó sọdá, ó jókòó. Ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti jókòó pọ̀ gbẹ̀yìn.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Bàsírátù."

"Ẹ káàárọ̀."

"Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá. N kò bá àwọn àna yín sọ̀rọ̀ rí, bí mo ṣe búra náà ló rí. Àmọ́ mo sọ fún àbúrò mi. Ganiyat. Ó tó ọdún kan kí wọ́n tó wá tọrọ ọmọ yín. Kò yẹ kí n sọ ọ́ fún un. Mo fi ìyẹn pamọ́ nígbà tí mo ń búra."

Ọwọ́ Ìdíátù kò dúró. Ó ṣa òkúta kan, ó jù ú nù, ó tún ṣa òmíràn.

"Kì í ṣe Ganiyat," ni Ìdíátù wí.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ìyá ọmọkùnrin yẹn ló sọ fún mi. A pàdé lọ́jà Ìkọ̀tún. Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí Bàsírátù n'Íbàdàn ti kó wá sí Àgbàdo, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá náà ni. Ó rí fọ́tò ọmọ mi lọ́wọ́ wọn, ó sì sọ̀rọ̀."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Kí ààwẹ̀ tó dé."

Hàbíbátù ṣírò rẹ̀. Oṣù méje. "Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ẹnu mi nínú ilé yìí?"

"Mo gbọ́ ọ." Ìdíátù gbé abọ́ sílẹ̀. "Ó wà lọ́kàn mi kí n sọ̀rọ̀. Àmọ́ bí mo bá ní kì í ṣe ẹ̀yin, wọ́n á ní ta ni, ọ̀rọ̀ ọmọ mi á tún padà di ohun tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu. Bàsírátù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà jẹun dáadáa nígbà yẹn ni. Mo wá fi yín sílẹ̀ níbẹ̀. Ojú ń tì mí láti wá bá yín."

Hàbíbátù ń retí kí ìbínú dé. Ó tọ́ sí i, ó sì ní àyè láti bínú. Kò rí i. Ohun tó rí ni pé ó rẹ òun, pé ó rẹ obìnrin yìí náà, àti pé irun orí Ìdíátù ti funfun sí i láti ìgbà tí òun ti wò ó dáadáa gbẹ̀yìn.

"Èmi náà kò mọ́ tán," ló wí.

"Kò sí ẹni tó mọ́ tán, jàre. Ẹ bá mi ṣa ẹ̀wà yìí."

Ó bá a ṣa ẹ̀wà. Nígbà tó padà sí yàrá rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń dúró. Ó rò pé bí ó bá jẹ́ ìyà Ọlọ́run ni, òní ló yẹ kó dáwọ́ dúró, torí òun ti sọ ohun tó kù. Aago mọ́kànlá lù. Ṣóńṣó ahọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Nígbà tí wọ́n fi máa pe Àsárì, ó ti ń jó bó ṣe ń jó lánàá, kò lé, kò dín. Hàbíbátù bú sẹ́rìn-ín lóun nìkan. Iná yìí kò tilẹ̀ mọ Bàsírátù rí. Kò bá Kùránì ṣe pọ̀, kò ní ohun kan tó ń bèèrè lọ́wọ́ òun. Àìsàn ni. Ó fi oògùn wẹ́wẹ́ náà lé orí ahọ́n, ó ń ka ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kejì, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Àmúsà ní ṣọ́ọ̀bù, níbi tó ti ń fi páálí yanrìn ra ẹsẹ̀ àga.

"Látìgbà yẹn lo ti gbé e sínú, o kò sọ fún mi?"

"Ẹ máa ní kí n lọ sọ fún un ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni ǹ bá wí." Ó fẹ́ lẹ́búlẹ́bú igi kúrò lára àga náà, ó wò ó. "Ara rẹ ńkọ́?"

"Ó rẹ̀ mí ni. Mo fẹ́ sùn."

"Dùbúlẹ̀ sórí fóòmù yẹn. N kò ní kan ìṣó."

Ìdíátù lọ bá Bàbá onílé fúnra rẹ̀, ó sì sọ fún obìnrin méjì nídìí kànga pé Ìyá Muízù kò ṣẹ òun. Àwọn kan gbà. Àwọn kan ní wọ́n ti bẹ ara wọn ni. Hàbíbátù kò bá wọn jà sí i.

Nínú oṣù karùn-ún, ó padà lọ sí ilé ìwòsàn. Èrò pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbá ìwé mímọ́ mọ́ àyà, ó sì ń fi áńkáṣíìfù nu ètè tí kò lọ́ràá, tí kò légbò. Ó ń sọ fún ọmọbìnrin tó sìn ín wá pé òun kò mọ ohun tí àwọn wá ṣe, wọ́n á tún ní àwọn kò rí nǹkan kan.

Hàbíbátù yíjú sí i. "Ẹ má bínú, Mà. Láàárọ̀, bẹ́ ẹ bá jí, ṣé ó máa ń tutù?"

Obìnrin náà gbé áńkáṣíìfù kúrò lẹ́nu.

"Ó máa ń tutù," ló wí. "Ta ló sọ fún yín?"

Hàbíbátù sún kí àyè lè gbà á dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un.